Tòlótòló ní Ìfọ̀nyìn: ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ àkọ́kọ́ ni ó le jù

Ìlú Ìfọ̀nyìn, èyí tí ìwé ìjọba ń pè ní Ifangni, wà lẹ́bàá ààlà Nàìjíríà. Ìgólò, tí ó wà ní abẹ́ rẹ̀, dojú kọ Ìdí-Ìrókò. Láti ọdún 2003 ni ìjọba Nàìjíríà ti fi òfin de ẹran adìyẹ àti ti tòlótòló tí ó ń ti òkè òkun wá. Síbẹ̀, ọkọ̀ òkun ń já ẹran dídì sí èbúté Kútọnu, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ sì ń gba ọ̀nà ẹ̀bùrú wọ Nàìjíríà. Tòlótòló wà lára èyí tí àwọn oníbàárà ń fẹ́ jù.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, Nàìjíríà ti àwọn ibodè orí ilẹ̀ rẹ̀ pa. Wọ́n ṣí díẹ̀ nínú wọn ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, ṣùgbọ́n ti Ìdí-Ìrókò wà ní títì títí di oṣù Kẹrin ọdún 2022. Ó lé ní ọdún méjì àbọ̀. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí jẹ́ fún àwọn ará ààlà: ẹni tí ó gbé gbogbo oúnjẹ rẹ̀ lé ibodè lọ́wọ́, ọjọ́ tí ibodè bá tì ni ebi yóò kanlẹ̀kùn rẹ̀. Adìyẹ tí ó ń jẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé kò gba àṣẹ lọ́wọ́ aṣọ́bodè.

Kí ni ó wá dé tí tòlótòló ẹ̀yìnkùlé kò fi pọ̀? Kì í ṣe àìrí oníbàárà. Àwọn ọmọ ẹyẹ ni kì í dàgbà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń kú kí wọ́n tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ohun mẹ́ta ni ó sì sábà máa ń fà á.

Èkíní ni òtútù. Ẹyin adìyẹ ń pa ní ọjọ́ 21, ti tòlótòló ní ọjọ́ 28. Irun múlọ́múlọ́ tí ọmọ tòlótòló bá jáde kò lè gbà á lọ́wọ́ òtútù. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó ń fẹ́ ooru tí ó tó ìwọ̀n 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí wọ́n tó máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí kò ní òṣùwọ̀n lè fi ojú wò wọ́n: bí wọ́n bá ń gun ara wọn lábẹ́ àtùpà, òtútù ń mú wọn, bí wọ́n bá sá jìnnà sí i tí wọ́n ń ya ẹnu, ooru ti pọ̀ jù. Àgbàdo nìkan kò tó wọn. Wọ́n nílò ẹ̀wà sóyà, ẹja gbígbẹ tàbí ẹyin sísè, ju bí òròmọdìyẹ ti nílò rẹ̀ lọ.

Èkejì ni dída tòlótòló pọ̀ mọ́ adìyẹ. Aràn kan wà nínú ìfun adìyẹ tí ẹyin rẹ̀ máa ń gbé kòkòrò àrùn kan. Adìyẹ lè ru kòkòrò náà láìṣàìsàn, ṣùgbọ́n ó ń ba ẹ̀dọ̀ tòlótòló jẹ́, ó sì ń pa á. Nítorí náà, bí adìyẹ bá tilẹ̀ bá ènìyàn sàba lé ẹyin tòlótòló, ilé àti ilẹ̀ tí wọn yóò ti máa jẹ̀ gbọ́dọ̀ yàtọ̀. Àwọn kan máa ń sọ pé ìyà ni kíkó ọmọ ẹyẹ sínú ilé. Òwe ti dá wọn lóhùn: à ń gba òròmọdìyẹ lọ́wọ́ ikú, ó ní wọn kò jẹ́ kí òun jẹ̀ lórí ààtàn.

Ẹ̀kẹta ni àrùn Newcastle, tí àwọn kan ń pè ní lúkúlúkú. Ó sábà máa ń jà nígbà ọyẹ́. Ẹyẹ a máa mí gúlegúle, a yàgbẹ́ tí ó ní àwọ̀ ewé, ọrùn rẹ̀ a sì lọ́. Kò sí oògùn tí ó lè wò ó sàn, àfi oògùn àjẹsára tí ń dènà rẹ̀. Ibí ni ìṣòro gan-an wà. Igò oògùn kan máa ń tó ọgọ́rùn-ún ẹyẹ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ni agbára rẹ̀ kì í pẹ́ ju wákàtí díẹ̀ lọ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pò ó. Obìnrin tí ó ní adìyẹ méjìlá kò ní dá a rà. Ṣùgbọ́n bí agboolé mẹ́wàá bá fi ọjọ́ kan náà ránṣẹ́ pe oníṣègùn ẹran ọ̀sìn, owó díẹ̀ ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ìṣọ̀kan yìí ṣe pàtàkì nítorí pé àrùn kò mọ ààlà. Ní ọdún 2006 ni àrùn ẹyẹ H5N1 kọ́kọ́ fara hàn ní Áfíríkà, ní ìhà àríwá Nàìjíríà. Ní ìparí ọdún 2007, ó dé Kútọnu àti Adjarra ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Ó tún padà wá ní ọdún 2021. Àrùn yìí lè mú ènìyàn pẹ̀lú. Ẹyẹ tí wọ́n bá rà lọ́jà gbọ́dọ̀ dá wà fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ó tó dara pọ̀ mọ́ ti ilé. Bí ọ̀pọ̀ ẹyẹ bá kú lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ jẹ wọ́n tàbí kó wọn lọ sọ́jà. Oníṣègùn ẹran ọ̀sìn ni kí wọ́n sọ fún.

Ìjọba ni ó ń ti ibodè, òun náà ni ó sì ń ṣí i. Àtùpà tí yóò mú ọmọ ẹyẹ móoru, àti àdéhùn láàárín aládùúgbò lórí igò oògùn kan, ọwọ́ àwọn ará Ìfọ̀nyìn fúnra wọn ni ìwọ̀nyí wà.