Owó Ilé Tí À Ń Gbà Lọ́wọ́ Aṣẹ́wó

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe èyí tí àáfà fi ń gba sàráà. Bí mo bá sọ ọ́ ní mọ́sáláásí, àwọn kan yóò wo ojú ara wọn, àwọn mìíràn yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá bàtà wọn. Ṣùgbọ́n ó ti kan èmi alára, nítorí náà ó sàn kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí gbogbo jámáà kà á.

Ní bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ọlọ́jà kan tí a jọ ń kírun ní Àkúrẹ́ kọ́ ilé oníyàrá mẹ́rìnlá sí ẹ̀bá ọ̀nà Oda. Ó ní kí a wá ṣe àdúà sí i. Àwa àáfà márùn-ún ni a lọ. A ka Fátíà, a ka Yáásín, a pa àgbò, a jẹ, a mu. A bẹ Ọlọ́run pé kí yàrá kan má ṣe ṣófo nínú ilé náà láé. Nígbà tí a ń lọ, ó fi owó lé olúkúlùkù lọ́wọ́. Tèmi jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà. Mo gbà á, mo sì fi ra sìmẹ́ńtì sí ilé kéú mi.

Àdúà náà gbà. Nígbà tí ìjì ṣí òrùlé ilé kéú ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, mo lọ bá ọ̀gbẹ́ni yìí fún ìrànlọ́wọ́, wọ́n ní ó wà ní ilé rẹ̀ tuntun. Ó ku díẹ̀ kí oòrùn wọ̀ nígbà tí mo débẹ̀. Mo bá gílóòbù pupa lẹ́nu ọ̀nà, orin ń dún kíkankíkan, àwọn ọmọbìnrin sì jókòó lórí bẹ́ǹṣì nínú aṣọ tí kò tó aṣọ. Ọ̀kan nínú wọn rí láwàní mi, ó sáré fa ìborùn bo orí, ó sì kúnlẹ̀ kí mi. Ó ní bàbá òun fi òun sí ilé kéú ní ìlú wọn, òun sì ka Kùránì dé ìdajì. Bóyá ni ó ju ọmọ ogún ọdún lọ. Ó ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà ni àwọn ń san fún yàrá lójúmọ́, ìbáà ṣe pé oníbàárà wá tàbí kò wá, àti pé obìnrin tí ó mú òun wá láti ilé ń ka owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ sí òun lọ́rùn, gbèsè náà kì í sì í tán. Ó ní kí n bá òun ṣe àdúà kí ó tán.

Kí ni mo ṣe? Mo ṣe àdúà kúkúrú, mo fún un ní igba náírà, mo sì bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀. N kò tilẹ̀ bi í léèrè orúkọ rẹ̀. Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni a gbọ́ pé wọ́n fi ọkọ̀ kó gbogbo wọn ní òru. Àwọn tí ó rówó san padà sí yàrá wọn ní ọjọ́ kẹta. Ọmọ yìí kò padà. Ní Jímọ̀ tí ó tẹ̀ lé e, onílé dúró ní sààfù iwájú, nígbà tí a sì kírun tán, èmi àti òun bọ ara wa lọ́wọ́.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń bi àwọn tí ó mọ òfin léèrè, nítorí ìwé òyìnbó tèmi kò kọjá kíláàsì kẹta ní sẹ́kọ́ńdìrì. Èmi ti rò pé aṣẹ́wó ni òfin ń wá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí òyìnbó gbé kalẹ̀ ní 1916, tí ilẹ̀ Gúúsù ṣì ń lò, kò sọ pé obìnrin jẹ́ ọ̀daràn kìkì nítorí pé ó ń ta ara rẹ̀. Bí ó bá ń hùwà ìtìjú tàbí tí ó ń dá rúgúdù sílẹ̀ ní ìta gbangba, òfin lè mú un. Ṣùgbọ́n àwọn tí òfin náà dojú kọ gan-an ni àwọn tí ó ń jẹ lára rẹ̀. Abala 223 wà fún ẹni tí ó fa obìnrin wọ inú iṣẹ́ náà. Abala 225A wà fún ọkùnrin tí owó aṣẹ́wó ń bọ́: ẹ̀wọ̀n ọdún méjì. Abala 225B sì wà fún ẹni tí ó ń bójú tó ilé aṣẹ́wó, àti fún onílé tàbí aṣojú rẹ̀ tí ó mọ ohun tí wọ́n ń fi ilé náà ṣe tí ó sì ń gba owó rẹ̀. Ìjìyà tirẹ̀ nínú ìwé òfin àpapọ̀, ní ìgbà àkọ́kọ́, ni 100 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Ọgọ́rùn-ún náírà! Yàrá kan ṣoṣo ń pa á ní ìlọ́po ọgbọ̀n ní ọjọ́ kan. Lẹ́yìn èyí, ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin tí ó le jù bẹ́ẹ̀ lọ lòdì sí àwọn tí ń fi ènìyàn ṣòwò, ní 2003, ó dá àjọ NAPTIP sílẹ̀ láti máa lépa wọn, ó sì tún òfin náà ṣe ní 2015.

Síbẹ̀, ta ni à ń rí nínú ọkọ̀ ní òru? Ní Àbújá ní 2017, ọlọ́pàá wọ ilé kan, wọ́n kó obìnrin 16. Ní oṣù Dìsẹ́ńbà 2019, ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ sọ pé wọ́n fi ẹ̀tọ́ àwọn obìnrin náà dù wọ́n, ó sì ní kí wọ́n san owó gbà-má-bínú fún wọn. Ní oṣù Épírù ọdún kan náà, wọ́n tún ti kó ọ̀pọ̀ obìnrin mìíràn ní ìlú náà, àwọn kan nínú wọn sì ké jáde pé àwọn tí ó mú àwọn fi ipá bá àwọn lò. N kò gbọ́ pé wọ́n kó àwọn ọkùnrin tí ń rà.

Àwọn kan nínú jámáà a máa sọ pé bí a bá ní Ṣàríà bíi ti Òkè Ọya, ọ̀rọ̀ yìí ì bá ti tán. Zamfara ni ó kọ́kọ́ kéde rẹ̀ ní 1999, àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn sì tẹ̀ lé e. Ẹ rántí Safiya Husseini ní Sókótó àti Amina Lawal ní Katsina. Wọn kì í ṣe aṣẹ́wó, ẹ̀sùn sìná ni wọ́n fi kàn wọ́n, wọ́n sì dájọ́ òkúta fún wọn. Oyún ni wọ́n fi ṣe ẹlẹ́rìí. Ọkùnrin tí olúkúlùkù wọn dárúkọ ní òun kò mọ nǹkan kan, wọ́n sì ní kí ó máa lọ ilé rẹ̀. Ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ti Ṣàríà fúnra rẹ̀ ni ó dá Safiya sílẹ̀ ní oṣù Máàṣì 2002, tí ó sì dá Amina sílẹ̀ ní oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà 2003. Ẹ má ṣe sọ pé mo ń bá Ṣàríà jà. Ẹlẹ́rìí mẹ́rin ni Ọlọ́run bèèrè, ọgọ́rin pàṣán ni ó sì fi sí ẹ̀yìn ẹni tí ó bá fẹ̀sùn kan obìnrin láìní wọn. Àwa ni a máa ń yára sí obìnrin ju bí Ọlọ́run ṣe yára lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó wà nínú Súrátù Núúrì, áyà 33. Ní Mẹ̀dínà, Abdullahi ọmọ Ubayyi ní àwọn ẹrúbìnrin, ó sì ń lé wọn jáde pé kí wọ́n lọ fi ara wọn wá owó fún òun. Wọ́n kò fẹ́, ẹjọ́ wọn sì dé iwájú Ànábì. Nígbà tí áyà sọ̀kalẹ̀, ẹni tí ń fi ipá mú wọn ni ó kọlù. Fún àwọn tí a fi ipá mú, àforíjì àti àánú ni ó mẹ́nu bà. Ẹ sì mọ irú ẹni tí Abdullahi yìí jẹ́. Ènìyàn ńlá ni ní ìlú, a sì máa kírun lẹ́yìn Ànábì pẹ̀lú àwọn yòókù.

Hàdíìsì kan tún wà tí Bukhari àti Muslim gbà wá, tí àwa àáfà kì í fẹ́ kà parí. Ànábì kọ owó tí a fi ta ajá, ó kọ owó aṣẹ́wó, ó sì kọ ohun tí wọ́n ń fún aláwòyé. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ń tẹ yanrìn fún àwọn ọlọ́jà, ẹ rí i pé orí bẹ́ǹṣì kan náà ni àwa àti àwọn ọmọbìnrin wọ̀nyí jókòó sí.

Àwọn onílé yóò ní owó kò ní àmì, pé ayálégbé ni àwọn gbà. Ayálégbé wo ni ń san owó ilé lójoojúmọ́? Onílé tí ó ń gba ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lójúmọ́ mọ ohun tí wọ́n ń tà nínú yàrá rẹ̀.

Ní ti gbèsè tí ọmọ yẹn sọ, kì í ṣe tuntun ní agbègbè wa. Ọ̀nà Ìlú Bìní gba Ọ̀wọ̀ àti Ọrẹ kọjá, ọ̀pọ̀ ọmọ sì ni wọ́n mu májẹ̀mú lójúbọ pé àwọn yóò san gbèsè kí àwọn tó lè kúrò lábẹ́ ọ̀gá wọn. Ní 9 Máàṣì 2018, Ọba Ewuare Kejì pe àwọn oníṣègùn àti aláwo jọ sí ààfin, ó fagi lé gbogbo májẹ̀mú wọ̀nyí, ó sì fi àwọn tí ń kó ọmọ lọ ré. Ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ ọba nìyẹn, ó sì lò ó. Kí ni ó wà ní ìkáwọ́ tiwa? Àdúà ni, àti sààfù iwájú, àti orúkọ tí à ń kà sétí jámáà bí ẹnìkan bá dá owó mọ́sáláásí.

Mo ń bẹ àwọn ìgbìmọ̀ mọ́sáláásí ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó pé kí wọ́n má gba owó ilé bẹ́ẹ̀ mọ́, ìbáà ṣe fún òrùlé, ìbáà ṣe fún jẹnẹrétọ̀. Kí àáfà bi onílé ohun tí ilé wà fún kí ó tó ṣí Yáásín. Bí onílé bá sì ronú pìwà dà, kí ó má ṣe ju àwọn ọmọ náà sí títì lóru kí ó wá máa pe ara rẹ̀ ní ẹni mímọ́. Owó tí ó ti jẹ lára wọn ni kí ó fi dá wọn padà sílé, kí ó sì fi ẹni tí ó kó wọn wá lé NAPTIP lọ́wọ́.

Ní oṣù tí ó kọjá, mo ṣa ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà jọ, mo gbé e lọ bá ọ̀gbẹ́ni ọlọ́jà yìí ní ìsọ̀ rẹ̀. Kò bínú. Ó rẹ́rìn-ín, ó ka owó náà, ó fi í sínú dúróà. Ó ní, "Àáfà, mo rí owó gbà. Àdúà tí ẹ ṣe ńkọ́, báwo ni ẹ ó ṣe gba ìyẹn padà?"

N kò rí èsì fún un. Ilé náà kún títí di òní.