Ìkìlọ̀ Láti Ìbàdàn sí Àwọn Tó Ń Fi Wá Ṣe Yẹ̀yẹ́ Nínú Fíìmù

Sí gbogbo ẹ̀yin olóòtú fíìmù, ẹ̀yin adẹ́rìn-ínpòṣónú tí ẹ ń gbé fídíò jáde lórí fóònù, àti ẹ̀yin aṣètò orí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n.

Ìkìlọ̀ la kọ ránṣẹ́ sí yín yìí, kì í ṣe ẹ̀bẹ̀. Ọjọ́ 21 la fún yín, ọjọ́ tí ìwé yìí bá sì jáde la ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

Ẹ̀sùn wa rèé. Bí ẹ bá ti ń wá ọmọ ìta tí yóò fa àdá yọ nínú fíìmù yín, Ìbàdàn lẹ ó ní ó ti wá. Bí ẹ bá ń wá ìyá ọkọ tí ń bú ìyàwó ọmọ rẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹ ó fi tìróò fa àbàjà sí i lẹ́rẹ̀kẹ́, ẹ ó gbé e jókòó ti abọ́ àmàlà, ó ti di ará Ìbàdàn nìyẹn. Bí ẹ bá fẹ́ fi òṣì han èèyàn, kámẹ́rà yín á gun òkè Mápó, á máa wo páànù tó ti dípẹtà lọ rẹrẹẹrẹ, orin arò á sì gbà á. Agbẹjọ́rò tó bá wà nínú fíìmù kan náà, ọmọ Èkó ni. Dókítà, ọmọ Èkó ni, tàbí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Lọ́ńdọ̀nù dé. Láti ọdún 1957 ni ilé-ìwòsàn ńlá UCH ti wà ní Ìbàdàn níbí, ṣùgbọ́n nínú fíìmù yín, bí ará Ìbàdàn bá dé ilé-ìwòsàn, aláìsàn ni, kò sì ní lówó lọ́wọ́.

Kí ẹ má baà ní à ń fi ara wa pamọ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ jẹ́wọ́ èyí tó jẹ́ òótọ́. Ọmọ ìta wà ní gáréèjì wa. Nígbà ìjà òṣèlú tó tẹ̀lé ìbò ọdún 1965, àwọn kan dáná sun ilé àti èèyàn níbí bí wọ́n ti ń ṣe é káàkiri Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. A da ìdọ̀tí sínú odò Ògùnpa títí odò fi kọ̀ ọ́ fún wa lọ́jọ́ 31 oṣù Kẹjọ 1980, omíyalé sì gbé òkú ọ̀pọ̀ ará wa lọ. Ẹ lè ṣe fíìmù nípa gbogbo ìyẹn. Kódà ẹ kò tíì ṣe é tó.

Ní ti èébú, ọmọ Ìbàdàn mọ̀ ọ́n. A mọ̀ ọ́n débi pé a ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún un lọ́dún, ọjọ́ Òkè'Bàdàn, nínú oṣù Ẹrẹ́nà. Lọ́jọ́ náà, a kì í dáná oúnjẹ, nǹkan tútù là ń jẹ, nítorí ìyà tó jẹ Lágelú tó tẹ ìlú wa dó àti àwọn tó ṣẹ́kù pẹ̀lú rẹ̀ lórí òkè lẹ́yìn tí ogun tú ìlú, nígbà tó jẹ́ pé èso òrò àti ìgbín ni wọ́n rí jẹ. Lọ́jọ́ kan náà, ọmọdé lè kọrin ìhòòhò sí àgbà létí, olóyè á gbọ́ èyí tí kò gbọdọ̀ gbọ́ lọ́jọ́ mìíràn, á sì rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ bá ṣú, ó tán. Ẹ̀yin lẹ mú ọjọ́ kan ṣoṣo yìí, tí ẹ nà án gba inú ọdún já. Ẹ yọ òkè kúrò nínú rẹ̀, ẹ yọ ebi àti ogun, ẹ yọ Abòkè tó ń bọ ọ́, èébú nìkan lẹ kó lọ.

Èmi tí wọ́n gbé bírò fún láti kọ ìwé yìí fẹ́ràn àwàdà. Mo ti rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú mi nídìí àwọn kan nínú fídíò yín. Èyí tó ń bí wa nínú ni pé ẹni tó ń ṣe ará Ìbàdàn fún yín kò mọ ọ̀nà Bẹẹrẹ, kò sùn ní agbo-ilé kankan rí, ohun tó gbọ́ nínú fíìmù ẹlòmíràn ló ń tún sọ. Fíìmù bí fíìmù, ìyẹn náà tún bí òmíràn. Ní báyìí, ọmọ wa tó bá wọ yunifásítì ní ìlú mìíràn ń yí ohùn rẹ̀ padà kí wọ́n tó mọ ibi tó ti wá.

Ohun tí à ń béèrè nìyí.

1. Ẹ má fi ohùn wa dá òmùgọ̀ mọ̀ mọ́. Ará Ìbàdàn tí kì í pe "ṣ" kò ní àìsàn kankan. Bí àwọn baba rẹ̀ ti ń sọ ọ́ nìyẹn, ohùn yẹn náà ni wọ́n fi pàṣẹ fún ọmọ ogun nínú ogun Kírìjì fún ọdún 16, láti 1877 dé 1893. Adégòkè Adélabú, olóṣèlú ọmọ ìlú wa, máa ń fi ohùn Ìbàdàn pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún èrò lẹ́rìn-ín, ó ń bá àwọn ìyá ọlọ́jà jó, òyìnbó sì rò pé aláriwo lásán ni. Government College, Ìbàdàn, ló ti kàwé, kó tó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Yaba. Òun náà ló kọ ìwé Africa in Ebullition lédè Gẹ̀ẹ́sì ní 1952. Ẹ kọ ará Ìbàdàn kan tó gbọ́n sínú fíìmù yín, kó máa sọ̀rọ̀ bó ṣe ń sọ ọ́ nílé. Ẹ sì fi ọmọ Ìbàdàn ṣe é. Òṣèré pọ̀ níbí.

2. Ọ̀rọ̀ páànù. Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa, nítorí èyí ni ẹ kò mọ̀ rárá. Kí rélùwéè tó dé Ìbàdàn ní 1901, koríko àti ewé gbodogì ló pọ̀ jù lórí ilé wa, iná tó bá sì mú ilé kan lè jó odidi àdúgbò. Rélùwéè ló jẹ́ kí páànù di ohun tí a ń rí rà, owó kòkó la sì fi rà á. Baba tó bá kan páànù nígbà náà, gbogbo àdúgbò ló ń wá kí i kú oríire. Nítorí náà, ohun tí ẹ̀ ń fi orin arò tì lẹ́yìn, ọrọ̀ baba àgbà ẹlòmíràn ni. J. P. Clark, tí kì í ṣe ọmọ Yorùbá, tó wá kàwé ní yunifásítì ní ìlú yìí, wo àwọn òrùlé kan náà, ó sì fi wọ́n kọ ewì tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń kọ́ títí dòní. Ẹwà lòun rí níbẹ̀. Ẹ lè ya páànù wa. Ẹ ṣáà mú orin arò yẹn kúrò nídìí rẹ̀.

3. Ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó ya agbo-ilé. Gbogbo agbo-ilé Ìbàdàn ló ní Mógàjí tó jẹ́ olórí rẹ̀. Ẹ̀ ń wọlé láàárọ̀ kùtùkùtù, ẹ̀ ń ya ìyá tó ń fọ ẹnu lójú àgbàlá, ẹ̀ ń ya ọmọ tó wà níhòòhò, ẹ̀ ń ya bàbá tó sùn sórí àga, lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, gbogbo ayé ti rí wọn. Kò sí ẹni tó bi wọ́n, kò sí ẹni tó fún wọn ní kọ́bọ̀. Gbogbo fídíò tí ojú irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá hàn nínú rẹ̀ láìgba àṣẹ, kó kúrò níta kí ọjọ́ 21 náà tó pé. Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ rí Mógàjí, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ yà, kí ẹ sì sanwó fún ẹni tí ẹ bá yà.

4. Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà. Ibí ni ọ̀rọ̀ ti le, nítorí kì í ṣe àjòjì ló bẹ̀rẹ̀ ìtàn tí ẹ̀ ń sọ nípa rẹ̀. Ọmọ wa, Akínwùmí Ìṣọ̀lá, ló kọ eré nípa rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1970. Onímọ̀ ni, a sì ń fi í yangàn. Eré ni ó kọ, ó sì dùn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, kò sí ẹni nínú yín tó tún ṣí ìwé ìtàn wò. Ẹfúnṣetán tí ẹ̀ ń gbé jáde kò ju obìnrin tó ń pariwo, tó ń bẹ́ orí ẹrú aboyún, tó wá gbé májèlé jẹ.

Samuel Johnson, òpìtàn Yorùbá, kọ ìtàn rẹ̀ lọ́nà mìíràn. Olówó ni, oníṣòwò ńlá ni, ó ní oko tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹrú ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, àwọn olórí ogun sì ń gba ohun ìjà lọ́wọ́ rẹ̀ láwìn. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí kú sórí ìkúnlẹ̀. Nígbà tí Ààrẹ Látòòsà, olórí Ìbàdàn nígbà náà, yọ ọ́ lóyè ní 1874, ẹ̀sùn tó kà sí i lọ́rùn ni pé kò bá òun lọ sójú ogun, kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí òun níbẹ̀, kò sì jáde wá pàdé òun nígbà tí òun ti ogun dé. Kò sí orúkọ ẹrúbìnrin kankan nínú ẹ̀sùn náà. Kò sì gbé májèlé jẹ. Wọ́n ní kí àwọn ẹrú rẹ̀ fúnra wọn pa á lóru, wọ́n gba òkè àjà wọlé sí i. Ọmọ tó gbà tọ́, Kúmúyìlọ̀, lọ́wọ́ sí i.

Òǹrorò ni bí? A kò ní jiyàn, ọwọ́ olówó ẹrú wo ló mọ́ láyé ìgbà náà? Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè dà nínú fíìmù yín? Ẹni tó rán àwọn ẹrú dà? Ohun tí à ń béèrè ni pé fíìmù tó bá tún fẹ́ pe orúkọ Ìyálóde gbọ́dọ̀ fi gbèsè àwọn ológun hàn, kó sì fi bó ṣe kú gan-an hàn. Bí ẹ kò bá lè ṣe é, ẹ sọ olórí eré yín ní orúkọ mìíràn.

5. Ẹ má pe Ìbàdàn ní ìlú afènìyàn-ṣowó mọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti tú àṣírí àwọn tó ń fi èèyàn ṣowó nínú igbó Ṣókà ní oṣù Ẹrẹ́nà 2014, gbogbo fíìmù tó bá ní ihò àti agbárí nínú ló ń dárúkọ wa. Àwọn ọlọ́kadà ìlú yìí, tí wọ́n ń wá ẹlẹgbẹ́ wọn tó sọnù, ni wọ́n wọ inú igbó náà. Ará ìlú ló tú u, ará ìlú ló pariwo, ará ìlú ló sì ń sunkún. Ẹ ṣe fíìmù àwọn ọlọ́kadà yẹn. A ó wò ó.

6. Ẹ̀yin orí rédíò, ẹ yé sọ pé ìjà oyè ni iṣẹ́ wa. Ní Ìbàdàn, kò sí ìdílé kan tó ni adé. Láti Mógàjí lọ́kùnrin ń gun àtẹ̀gùn, yálà ní ìlà Ọ̀tún tàbí ní ìlà Balógun, ìpele tó ju ogún lọ, kó tó lè di Olúbàdàn. Ìlú mélòó ni ọmọ tálákà ti lè dé orí ìtẹ́ nípa sùúrù? Ẹ kọ́ àtẹ̀gùn náà kí ẹ tó máa fi í ṣẹ̀fẹ̀.

Bí ọjọ́ 21 bá pé tí a kò gbọ́ nǹkan kan, ohun tí a ó ṣe nìyí. Agbo-ilé wa kò ní ṣílẹ̀kùn fún kámẹ́rà mọ́, láti Òjé dé Kúdẹ̀tì. Àwọn ọlọ́jà kò ní jẹ́ kí ẹ yàwòrán nídìí àtẹ wọn. A ó kọ̀wé sí àjọ tó ń ṣàyẹ̀wò fíìmù àti fídíò, a ó fi orúkọ fíìmù àti ìran tí à ń ráhùn lé lórí sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó sì kọ irú rẹ̀ sí NBC, àjọ tó ń mójú tó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. A kò ní wo fíìmù yín, a kò sì ní pín in fún ẹnikẹ́ni. Ìyẹn nìkan. Ẹnikẹ́ni tó bá fọ́ kámẹ́rà yín tàbí tó fi ọwọ́ kan òṣèré yín, kì í ṣe àwa la rán an, a ó sì fà á fún ọlọ́pàá fúnra wa. A mọ̀ pé ohun tí àwọn kan nínú yín ń retí nìyẹn, kí ẹ lè rí fíìmù mìíràn ṣe.

A kò gbàgbé pé ọ̀pọ̀ yín, ní Ìbàdàn lẹ ti kọ́ iṣẹ́. Níbí ni tẹlifíṣọ̀n ti kọ́kọ́ tàn ní Nàìjíríà, lọ́jọ́ 31 oṣù Kẹwàá 1959. Níbí ni àwọn òǹkọ̀wé àti òṣèré ti dá ilé Mbari sílẹ̀ ní 1961. Yunifásítì ìlú yìí ni Kọ́lá Ògúnmọ́lá ti wá kẹ́kọ̀ọ́, tó sì gbé eré Lánkẹ́ Ọ̀mù jáde. Ilẹ̀kùn wa ṣí sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ mọ̀: àwọn àgbà wà nílé, Mógàjí wà nílé, ẹ kàn tètè wá béèrè.

Ẹ̀yin ará wa, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Bẹẹrẹ, Mápó, Yemẹtu, Ọjà'ba, Bódìjà, àti ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi: bí kámẹ́rà bá dé ojúlé yín, ẹ béèrè àṣẹ Mógàjí kí ẹ tó dáhùn ìbéèrè kankan. Bí kò bá sí, ẹ sọ fún wọn jẹ́jẹ́ pé kí wọ́n máa lọ.