Owó iná mànàmáná ní ọgbà ìkankọ̀ Kòríà: ta ni yóò san án?

Bí a bá fi títóbi ọkọ̀ ṣe ìṣirò, ó ju ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá lọ nínú àwọn ọkọ̀ ojú omi ńlá ayé tí ó ń jáde láti orílẹ̀-èdè mẹ́ta: Ṣáínà, Kòríà Gúúsù àti Jàpáànù. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó ń kó ìrẹsì wá sí èbúté Kútọnu àti Lomé. Owó tí a fi kan ọkọ̀ sì wà nínú owó tí a fi ń kẹ́rù.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, KEPCO, ilé-iṣẹ́ tí ń ta iná mànàmáná ní Kòríà Gúúsù gẹ́gẹ́ bí SBEE ti ń ṣe ní Benin, fi owó kún iye tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń san. Fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá, kWh kan, èyí tí í ṣe ìwọ̀n tí à ń kà lójú kóńtà, kúrò ní 165,8 won, ó di 182,7 won. Won ni owó ilẹ̀ Kòríà. Wọn kò fi ohunkóhun kún ti àwọn ìdílé. KEPCO ti wọ gbèsè ńlá, nítorí pé nígbà tí gáàsì àti èédú gbówó lórí ní 2022, lẹ́yìn tí ogun bẹ̀rẹ̀ ní Ukraine, ó ń ta iná ní iye tí ó kéré sí iye tí ó ń ná an.

Àwọn ọgbà ìkankọ̀ ńlá ní Ulsan àti ní erékùṣù Geoje wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Lóòótọ́, irin àti ẹ̀rọ ọkọ̀ ni ó ń gba owó jù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ ra ọkọ̀ ti ń bá ọgbà náà pa iye owó pọ̀ ní ọdún méjì tàbí mẹ́ta kí ọkọ̀ tó parí. Bí iná bá wọ́n lẹ́yìn àdéhùn, ọgbà kò lè padà lọ bá oníbàárà pé kí ó fi owó kún un.

Kí ni iná ń ṣe níbẹ̀? Ó ń gé irin, ó ń jó irin pọ̀, ó ń gbé ẹrù sókè, ó sì ń fa omi kúrò nínú kòtò ńlá tí a ti ń kan ọkọ̀. Iṣẹ́ kan wà láàrin wọn tí ojú kì í tètè rí, èyí ni ti afẹ́fẹ́. Ẹ̀rọ tí ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ dà bí èyí tí àwọn tí ń lẹ táyà ń lò létí títì, àmọ́ ti ọgbà ìkankọ̀ tóbi jù ú lọ fíìfíì. Afẹ́fẹ́ náà ń gba inú páìpù gígùn lọ bá àwọn òṣìṣẹ́. Òun ni wọ́n fi ń há ìdógùn-ún kúrò lára irin, òun náà ni wọ́n fi ń fọ́n ọ̀dà.

Afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n. Púpọ̀ jù lọ nínú iná tí ẹ̀rọ náà ń jẹ ni ó ń di ooru lásán. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ni ó ń di iṣẹ́. Bí páìpù bá tún ń jò ńkọ́? Níbi tí a kò bá ti tọ́jú páìpù, jíjò nìkan lè gbé ìdá 20 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ náà lọ. Omi tí ń jò a máa rin ilẹ̀, gbogbo ènìyàn á sì rí i. Afẹ́fẹ́ kì í rin ilẹ̀, kì í rùn, ariwo iṣẹ́ sì ń bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ní ọjọ́ ìsinmi, nígbà tí ọgbà bá dákẹ́, ni etí tó ń gbọ́ ọ. Omi ọṣẹ díẹ̀ tí a bá dà sí oríkèé páìpù yóò hó, yóò sì fi ibi jíjò hàn. Kò sí àtúnṣe mìíràn ní ọgbà ìkankọ̀ tí owó rẹ̀ kéré tó báyìí tí èrè rẹ̀ sì yá tó báyìí.

Àwo oòrùn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, irú èyí tí ó wà ní Ilulofin ní Pobè láti 2022. Ó dára, nítorí pé òrùlé ọgbà ìkankọ̀ fẹ̀. Ẹgbẹ́ Hanwha, tí ó ni ọ̀kan nínú àwọn ọgbà Geoje, tilẹ̀ ń ṣe àwo oòrùn tà. Síbẹ̀, ní Kòríà, iná tí àwo kan ń mú wá lóòjọ́ kò ju ti wákàtí mẹ́ta ààbọ̀ tí ó bá fi gbogbo agbára rẹ̀ ṣiṣẹ́. Òru ń bẹ, òjò ń bẹ, yìnyín sì ń bẹ. Ẹni tí ó bá gbé àwo lé òrùlé nígbà tí páìpù rẹ̀ ń jò ń fi owó ńlá ra iná tí yóò tún sọnù.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí le fún jù ni àwọn agbaṣẹ́ṣe kékeré. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ọkọ̀ ni ọgbà ńlá ń gbé fún wọn. Iná tiwọn náà gbówó lórí ní oṣù kẹwàá kan náà, láti 164,8 won sí 173,3 won. Wọn kò ní òrùlé gbàgede, wọn kò sì ní owó ẹ̀rọ tuntun. Ní 2022, àwọn òṣìṣẹ́ wọn ní Geoje da iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ 51. Kì í ṣe nítorí iná; wọ́n ń béèrè owó oṣù tí a ti gé kù nígbà tí ọjà ọkọ̀ kò tà. Nísinsìnyí tí ọjà ti tún ń tà, ohun tí ó yẹ kí a máa wò ni iye tí ọgbà ńlá yóò kọ sínú àdéhùn tuntun pẹ̀lú àwọn agbaṣẹ́ṣe wọ̀nyí, àti bóyá owó iná yóò wà nínú rẹ̀.