Ẹ Yé Pe Ẹ̀jẹ̀ Ní Àbíkú

 Ọ̀rọ̀ yìí le díẹ̀. Ẹ má bínú, ẹ sáà kà á dé ìsàlẹ̀.

Obìnrin bí ọmọ kìíní, ó yè. Ìkejì kú sínú. Ìkẹta wáyé pẹ̀lú ibà pọ́njú, kò lò ju ọjọ́ mélòó kan lọ. A ti sọ ọ́ di àbíkú nìyẹn, ìyá ọkọ ti ń wo ìyàwó ní ìwòkuwò. Ta ló béèrè irú ẹ̀jẹ̀ tó wà lára ìyàwó yẹn?

Ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ti ń béèrè AA àti AS kí wọ́n tó so yìgì, wọ́n ṣeun. Ṣùgbọ́n jẹ́nótáìpù ọ̀tọ̀, irú ẹ̀jẹ̀ ọ̀tọ̀. Bí ìwé àyẹ̀wò bá kọ A, B, AB tàbí O, ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé e: pọ́sítíìfù tàbí nẹ́gétíìfù. Rhesus nìyẹn. Bí ìyàwó bá jẹ́ nẹ́gétíìfù tí ọkọ jẹ́ pọ́sítíìfù, ọmọ lè gba ti bàbá. Nígbà ìbímọ, ẹ̀jẹ̀ ọmọ lè ta sí ti ìyá. Ara ìyá á kà á sí àjèjì, á kó ogun jọ dè é. Ọmọ àkọ́kọ́ sábà máa ń bọ́. Èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni ogun yẹn ń bá jà.

Abẹ́rẹ́ wà fún un, anti-D. Láti 1968 ni wọ́n ti fọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ń gún un nígbà tí oyún bá tó ọ̀sẹ̀ 28, wọ́n tún ń gún un láàárín wákàtí 72 tí wọ́n bí ọmọ pọ́sítíìfù. Bí ara bá ti kó ogun jọ tán, abẹ́rẹ́ ò rí nǹkan ṣe sí i mọ́.

Ibi tí mo ti ń bá ẹ̀yin àgbà jà nìyí. Ọmọ ọ̀dọ̀, ọmọ tó ń kiri omi ní gáréèjì, ọmọ tí wọ́n fipá bá lò, tó ṣẹ́ oyún ní kọ̀rọ̀, ta ló fẹ́ sọ fún? Ẹnu wa ló ń bà wọ́n lẹ́rù. Oyún tó ti kọjá oṣù mẹ́ta, ì báà wálẹ̀ fúnra rẹ̀, ì báà jẹ́ pé wọ́n ṣẹ́ ẹ, lè ta ẹ̀jẹ̀ sí ti ìyá bíi ti ìbímọ. Bí ọmọ náà bá jẹ́ nẹ́gétíìfù, tó sì panu mọ́, wákàtí 72 á kọjá. Lọ́jọ́ iwájú, nílé ọkọ, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí àkọ́bí rẹ̀ lè kú, àwa kan náà á tún pè é ní àjẹ́.

(Ẹ má tìtorí èyí tú àdéhùn ìgbéyàwó kankan ká o. Nẹ́gétíìfù kì í ṣe àìsàn.)

Ẹ wá ìwé àyẹ̀wò àwọn ọmọ yín jáde lónìí. Bí ẹ bá rí nẹ́gétíìfù, kí dókítà tàbí agbẹ̀bí mọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá lọ forúkọ oyún sílẹ̀, kí ẹ sì tètè máa tọ́jú owó abẹ́rẹ́, torí ó wọ́n. Bí ọmọ bá sì wá sọ fún yín pé oyún kan bàjẹ́, ọsibítù ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ. Ìbáwí lè dúró.