Àkàrà Ilé Onílé àti Àkàrà Ilé Wa

Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń gbé wa lọ́kàn, a kò sì lè ṣàì sọ ọ́ jáde nínú ìwé ẹgbẹ́ wa yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwa fúnra wa ni ìtìjú rẹ̀ kọ́kọ́ bá.

Ó ṣẹlẹ̀ pé a rin ìrìn-àjò láti Ìwó lọ sí Kùmásì ní ilẹ̀ Gánà, sọ́dọ̀ olùkọ́ kan tí òun pẹ̀lú jẹ́ oníwàásù, ẹni tí àwa pẹ̀lú rẹ̀ ti ń kọ̀wé sí ara wa fún ọjọ́ pípẹ́. Ọ̀nà náà kì í ṣe àjèjì sí àwọn baba wa, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ni ó ti tajà ní Gánà kí òfin ọdún 1969 tó lé wọn padà sílé. A gba Kùtọnú àti Lómè kọjá. Búrẹ́dì gígùn bí ọ̀pá ni wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà ní ilẹ̀ tí àwọn Faransé ti jọba rí, a sì ń jẹ ẹ́ bí ẹni tí ebi ń pa. A kò mọ ẹni tí ó ṣe é, a kò sì bìkítà.

Ṣùgbọ́n ní Kùmásì, ìyàwó olùgbàlejò wa ti po ìyẹ̀fun láti alẹ́. Ó fi ṣúgà, bọ́tà àti ìwúkàrà sí i, ó sì bò ó mọ́lẹ̀ kí ó lè wú. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti dá iná igi sínú ààrò amọ̀ kan tí ó wà lẹ́yìnkùlé, tí ó ga sókè bí òkìtì ikán. Nígbà tí ààrò náà gbóná tán, ó wọ́ ẹyin iná jáde, ó ti búrẹ́dì sínú rẹ̀, ó sì dí ẹnu rẹ̀. Ó ju ogún ọdún lọ tí a ti ń wàásù lórí ìwúkàrà inú Bíbélì, ojú wa kò rí iṣẹ́ rẹ̀ rí títí di òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Nígbà tí a bu búrẹ́dì náà, ooru rẹ̀ ṣì ń rú. Obìnrin náà dúró tì wá, ó ń wo ojú wa bí a ti ń jẹ ẹ́. Oorun òru kan ni ó fi sílẹ̀ nítorí wa.

Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, tọkọtaya náà bẹ̀ wá wò ní Ìwó Olódò Ọbà. Kí ni a gbé síwájú wọn? A rán ọmọ lọ sí ìsọ̀ kí ó ra búrẹ́dì inú ọ̀rá àti bísíkíìtì inú agolo. A tò wọ́n sí àwo tí ó dára jù lọ nínú ilé, a sì rò pé a ti ṣe àlejò. Obìnrin náà jẹ ẹ́, ó dúpẹ́, ó sì bi ìyàwó wa pé, “Màmá, ta ni ó ṣe èyí?” Kò sí ẹni tí ó lè dá a lóhùn nínú ilé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni òun fúnra rẹ̀ rí ìyá alákàrà ní ìkángun àdúgbò wa. Ó rà, ó jẹ, ó tún padà lọ rà sí i. Ó ní kí ni ó dé tí a fi pa èyí mọ́ fún òun?

A kò pa á mọ́. Ojú ni ó ń tì wá. Ta ni ó kọ́ wa ní ìtìjú yìí? Kì í ṣe àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá búrẹ́dì àwọn Hébérù pàdé, àkàrà ni wọ́n pè é: àkàrà aláìwú, àkàrà ìfihàn. Ìwúkàrà pàápàá, ohun tí ń mú àkàrà wú ni. Orúkọ tí a fi fún oúnjẹ orí tábìlì inú Àgọ́ ni àwa ń tijú láti gbé sórí tábìlì tiwa!

Àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú lọ sí Brasil kò lọ́wọ́ gbé ẹrù, síbẹ̀ àkàrà bá wọn lọ. Ní Bahia títí di òní, àwọn obìnrin aláṣọ funfun ń dín in nínú epo pupa ní ìgboro. Acarajé ni wọ́n ń pè é, ọmọ Yorùbá kò sì nílò ògbufọ̀ kí ó tó mọ ohun tí wọ́n ń wí. Ní ìparí ọdún 2004, àjọ ìjọba Brasil tí ń tọ́jú ohun àjogúnbá fọwọ́ sí i pé iṣẹ́ àwọn obìnrin wọ̀nyí jẹ́ ara ogún orílẹ̀-èdè náà. Ní Freetown bákan náà, àkàrà kò parẹ́ lẹ́nu àwọn ọmọ Sàró.

A kò bá búrẹ́dì jà o. Àlejò wà lára àwọn tí ó mú un gbilẹ̀ láàrin wa: Amos Shackleford, ọmọ Jàmáíkà tí ó wá ṣiṣẹ́ akọ̀wé rélùwéè ní ọdún 1913, ni ó sọ búrẹ́dì di òwò ńlá ní Èkó ní àwọn ọdún 1920. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n òkè òkun ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ àlìkámà rẹ̀ ti ń wá, àwọn tí wọ́n jẹ́ ọmọ ilé-ìwé bíi tiwa ní ọdún 1987 kò sì ní gbàgbé bí nǹkan ti rí nígbà tí ìjọba fi òfin dí ọ̀nà àlìkámà. Ẹ̀wà wọ́n lónìí, a mọ̀, ṣùgbọ́n a kì í dúró de ọkọ̀ òkun kí a tó rẹ ẹ́.

Ohun tí ó dùn wá jù ni ti àwọn ọ̀dọ́ tí a ń kọ́ ní iṣẹ́ olùkọ́. Wọ́n mọ iye ẹyin tí í wọ inú kéèkì. Ẹ bi wọ́n bí a ti í po ẹ̀wà lílọ̀ kí àkàrà má baà le, wọn a máa wo ara wọn lójú. A sọ èyí níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ wa, àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọ̀rọ̀ obìnrin ni. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin tí ó lè jẹ ẹ́ lè rẹ ẹ́.

Àwọn àlejò wa ti kọ̀wé pé àwọn ń padà bọ̀ lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde. A ti bẹ ìyá alákàrà náà kí ó wá kọ́ ìyàwó wa àti àwa fúnra wa. Ní ọjọ́ Sátidé tí ó kọjá, a rẹ ẹ̀wà, a bó o, a lọ̀ ọ́, a sì fi ọmọ orógùn pò ó títí apá fi ń ro wá. Ti ìyàwó wa wú, tiwa le. A óò tún dán an wò ní Sátidé tí ń bọ̀.