Ẹ Wo Omi Kí Ẹ Tó Wo Egbò

Bí egbò bá yọ lára ẹja àrọ̀ tí a ń sìn ní Ṣakí tàbí Ìsẹ́yìn, kápúsù tẹtirasáìkílì ni àwọn kan máa ń tú sómi. N kò fara mọ́ ọn. Lóòótọ́, kòkòrò Aeromonas a máa dá egbò sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdọ̀tí omi àti àpọ̀jù ẹja ló ń ṣílẹ̀kùn fún un. Aphanomyces invadans tí ó sì kọlu ẹja odò Zambezi ní 2007 kì í ṣe irú èyí tí kápúsù ń pa. Ẹ ya aláìsàn sọ́tọ̀ sínú omi oníyọ̀ díẹ̀, ẹ pààrọ̀ omi, kí onímọ̀ yẹ egbò náà wò. Wọ́n ní omi wọ́n ju òògùn lọ lẹ́ẹ̀rùn. Òtítọ́ ni! Kí a dín iye ẹja kù nígbà náà, nítorí kòkòrò tí òògùn kò bá pa tán a máa ya olóríkunkun, ẹja náà ni a ó sì jẹ.