Òkìkí Kò Fi Inú Ènìyàn Hàn

Òwe àwọn baba wa ni pé, gbogbo alángbá ni ó da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ìtàn òṣèré Amẹ́ríkà nì, Chadwick Boseman, fi hàn bí òwe yìí ti jẹ́ òtítọ́ tó.

Ní ọdún 2016 ni àwọn oníṣègùn rí i pé àrùn jẹjẹrẹ ti wọ inú ìfun ńlá rẹ̀. Kò pariwo rẹ̀. Láàárín iṣẹ́ abẹ àti ìtọ́jú líle ni ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ní ọdún 2018, sinimá Black Panther jáde, nínú èyí tí ó ṣe ọba Wakanda, òkìkí rẹ̀ sì kàn yí ayé ká.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, ó fi fídíò kan sórí Instagram nípa ìrànlọ́wọ́ fún àwọn ilé ìwòsàn tí ń tọ́jú àwọn aláwọ̀ dúdú ní àkókò àrùn Kòrónà. Ó ti rù gidigidi. Dípò kí àwọn ènìyàn gbọ́ ohun tí ó ń wí, ara rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń wò. Àwọn kan ń ṣàníyàn, àwọn mìíràn ń fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ ọdún náà, ó kú, ẹni ọdún 43. Ìgbà náà ni ayé tó wá gbọ́ ohun tí ń ṣe é. Ryan Coogler pàápàá, tí ó darí sinimá náà, wí pé lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni òun tó mọ̀ pé ó ti ń ṣàìsàn ní gbogbo ìgbà tí àwọn fi mọ ara.

Ojú ti èmi tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú. Nígbà tí ọmọ mi fi fídíò náà hàn mí, mo ní, "Wo bí owó ti ń ba ènìyàn jẹ́!" Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà, ṣùgbọ́n àwòrán kì í ṣe àfojúbà.

Ǹjẹ́ a ha lè dá ẹjọ́ olókìkí rárá bí? A lè ṣe é, bí a bá mọ ààlà. Iṣẹ́ tí ó fi síta ni tiwa láti yẹ̀ wò. Bí eré rẹ̀ kò bá dùn, kí a wí i. Bí ó bá rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ, kí a má ṣe bò ó nítorí orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀, ilé rẹ̀, àti ìdí tí ó fi dákẹ́, kò sí lọ́wọ́ wa. Òkìkí a máa mú kí ẹgbẹẹgbẹ̀rún dá ènìyàn mọ̀ lójú, láìjẹ́ pé wọ́n mọ inú rẹ̀. Ẹni tí gbogbo ojú sì ń wò, kò yani lẹ́nu bí ó bá fi nǹkan kan pamọ́ fún ara rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, bí àwọn ọmọ bá tún gbé fóònù wá pé, "Màmá, ẹ wo bí lágbájá ti dà," ẹ bi wọ́n pé, "Kí ni a mọ̀ nípa rẹ̀?" Bí a kò bá mọ nǹkan kan, ẹ jẹ́ kí a pa ẹnu mọ́. Ó lè jẹ́ pé alángbá tí inú ń run ni.